Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìntì ní Àjàṣẹ́: ibo ni kí wọ́n lọ, kí sì ni kí wọ́n kọ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni àkọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn àgbà àdúgbò wa níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Bẹ̀nẹ̀, mo kéré sí gbogbo wọn, ìyá mi wà nínú wọn. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ṣiṣẹ́ bíróò wà níbẹ̀, àwọn ìyá tó tajà ní ọjà Wàńdó nínú ìlú wa títí orúnkún fi kọ̀ fún wọn náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ máa jókòó lásán mọ́, ká máa jáde lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ká sì máa kọ́ nǹkan. Ó dáa. Ìgbà tó kan ibi tí a máa lọ ló wá di ariwo. Àwọn kan ní Wídà, àwọn kan ní Àgbómẹ̀, àwọn kan ní kí la fẹ́ lọ wò níbẹ̀, ká jókòó ká kọ́ fóònù jàre. Àwọn tó ń gba páńsíọ̀n ní kí gbogbo wa dá iye kan náà, àwọn ìyá ọlọ́jà ní àwọn ò gba páńsíọ̀n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní ìpàdé tó kọjá ẹni méjì dìde, wọ́n bá tiwọn lọ. Ibo gan-an ni kí n kó wọn lọ?

* * *

Àbúrò mi, kì í ṣe "ibo" ni ìjà yín. Mo ti wà nínú irú ẹgbẹ́ yìí láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀, mi ò tíì rí àgbà kan tó torí ibi tí a lọ bínú kúrò. Ohun tó ń lé àgbà lọ ni owó tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo ayé, àti gíìdì tó ń sọ Faransé wàràwàrà tí òun ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀, àti kí ìtọ̀ máa gbọ̀n ọ́n nínú bọ́ọ̀sì kó má lè sọ. Tí ẹ bá ti rí ojútùú sí ìyẹn, ibikíbi tí ẹ bá ní kí wọ́n lọ, wọ́n á tẹ̀ lé yín.

Ṣùgbọ́n o ti bèèrè ibo, màá dáhùn: ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Nínú Àjàṣẹ́ tí a ń gbé yìí, èèyàn á ti pé àádọ́rin ọdún kò ní tíì wọ Honmè, ààfin ọba àtijọ́ tó ti di mùsé, rí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ ló ń gbà lọ sọ́jà láti kékeré. Ọba Tòfà tó jẹ ní 1874 tó sì wàjà ní 1908, abẹ́ ìjọba tiẹ̀ ni Faransé ti rí ibi jókòó sí nílùú yìí dáadáa, gbogbo ìdílé àtijọ́ ló sì ní ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Ẹ tún wo mọ́sálásí ńlá àtijọ́ yẹn. Àwọn Mùsùlùmí Àgùdà, àwọn tí bàbá wọn tàbí bàbá bàbá wọn jẹ́ ẹrú ní Brazil kí wọ́n tó padà wálé, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1912, irú ilé tí wọ́n rí ní Bahia ni wọ́n sì kọ́, àlejò tó bá kọ́kọ́ rí i á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Nínú ẹgbẹ́ yín, kò ní ṣàì sí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ Àgùdà. Ẹni yẹn ló yẹ kó dìde níwájú mọ́sálásí yẹn kó sọ̀rọ̀, kì í ṣe gíìdì.

* * *

Ẹnìkan ti fèsì pé kíkó àgbà rìn nínú ìlú tiwọn, ìwọ̀sí ni, pé atẹ́gùn míì ni wọ́n ń wá, pé àgbà tó ti fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ yẹ kó rí Wídà àti Àgbómẹ̀ kó tó kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ò gbà tán.

Wídà ò burú. Ẹnu Ibodè Àìpadàbọ̀ tó wà létí òkun yẹn, kò sí ọmọ Yorùbá tó dé ibẹ̀ tí ara rẹ̀ kì í gbọ̀n, torí èèyàn wa pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gba etí òkun yìí kó lẹ́rú lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ la inú Kútọnu kọjá lọ, kọjá bọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀nà ṣe máa ń dí. Tí ẹ bá kúrò ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn aago méje, ojú oòrùn lẹ máa ti sọ̀kalẹ̀ létí òkun níbi tí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ibòji, àwọn kan á jókòó sínú bọ́ọ̀sì wọn ò ní sọ̀ rárá. Kí ni wọ́n wá rí?

Ọ̀rọ̀ Àgbómẹ̀ ló jinlẹ̀ jù, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, nígbà tí wọ́n dárúkọ Àgbómẹ̀, ìyá kan tó jẹ́ ará Kétu ní òun ò lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ràn wá lọ́wọ́ rò pé owó ni, wọ́n ní àwọn á bá a san án. Kì í ṣe owó. Ní 1886 ni ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, ìgbà Glèlè ọba wọn ni, wọ́n sun ìlú náà, wọ́n kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀ tó jẹ́ olú ìlú wọn, ìlú di ahoro títí di 1894 tí àwọn tó ṣẹ́kù fi padà wá tún un tẹ̀dó, lẹ́yìn tí ọwọ́ Faransé ti tẹ Béhanzin tó jọba lẹ́yìn Glèlè. Ìyá tó bí ìyá ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Ẹ wá ní kó wá dúró nínú ààfin yẹn kó máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki àwọn ọba náà, kó máa pàtẹ́wọ́?

Ìyàwó kan tó jẹ́ Fọ̀n, ẹ̀yà àwọn ará Àgbómẹ̀, sì wà nínú ẹgbẹ́ kan náà, àwọn tó bí ọmọ fún ará Àgbómẹ̀ wà níbẹ̀, èdè àìyedè lè bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ kíá. Ohun tí a ṣe ni pé a kọ́kọ́ lọ sí Kétu. A dúró níbi Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè onílẹ̀kùn méjì tó ń ṣọ́ ìlú láyé àtijọ́, a wo ibi tí yàrà tó yí ìlú ká gbà, ìyá yìí ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yá òun fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ sí Àgbómẹ̀. Níbẹ̀, nígbà tí gíìdì dé orí àwọn ogun tí wọ́n ṣẹ́, ìyá ní kí ó dúró díẹ̀, ó sọ tiwọn fún un ní Yorùbá, ìyàwó Fọ̀n yẹn ló ń túmọ̀ rẹ̀. Ọmọdékùnrin gíìdì náà ò jiyàn, ó mú bíírò jáde ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà tí ẹ bá fẹ́ lọ sí Àgbómẹ̀, ẹ lọ. UNESCO ti fi àwọn ààfin yẹn sínú ìwé ohun ogún àgbáyé láti 1985, ó tó lọ wò. Àwọn ohun ọba 26 tí Faransé dá padà ní 2021 náà, gbogbo Bẹ̀nẹ̀ ló sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà yín, ta ni ìdílé rẹ̀ wà lápá ibo nínú ìtàn yẹn, kí ẹ tó kó wọn wọ bọ́ọ̀sì.

* * *

Owó. Àwọn tó ní kí gbogbo èèyàn dá iye kan náà ń sọ pé ìdọ́gba nìyẹn. Àwọn míì ní kí olówó san fún tálákà. Méjèèjì ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ á lé àwọn ìyá ọlọ́jà lọ, èkejì á sọ wọ́n di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú, àgbà tó ti tọ́ ọmọ méje lórí àtẹ kò ní gba ìyẹn láéláé.

Ìyá ọlọ́jà ò mọ páńsíọ̀n, ṣùgbọ́n ó mọ àjọ ju gbogbo yín lọ. Ẹ jẹ́ kí owó ìjáde di àjọ. Kí kálukú máa mú ohun tí agbára rẹ̀ ká wá ní gbogbo ìpàdé, kí alájọ máa kọ ọ́ sínú káàdì tirẹ̀, kó má pè é síta. Owó mọ́tò àti oúnjẹ ló máa ti inú àpò ẹgbẹ́ jáde, ọ̀kan náà ni fún gbogbo èèyàn. Ìyá ọlọ́jà kan ni kí ẹ fi ṣe alájọ, ẹ má fi ẹni tó ti ṣe akáùntáǹtì ṣe é, mo mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn ìyá yìí kì í gbàgbé ẹni tó ti mú wá àti ẹni tí kò tíì mú wá, wọn kì í sì í dójú tini.

Bàbá kan ní kí n má fi ọ̀rọ̀ àjọ pa ọ̀rọ̀ ìwé owó, pé ohun tí wọn ò bá kọ sílẹ̀ ló máa ń sọnù. Òótọ́ ni. Kí ẹ máa ka gbogbo ohun tí ẹ ná síta nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, kí ẹ tó dé ilé: dísẹ́ẹ̀lì èló, omi èló, ìrẹsì èló, owó ìwọlé èló. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ahọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

* * *

Fóònù ńkọ́? Ẹ kọ́ wọn. Àmọ́ ẹ má pe é ní kíláàsì kọ̀ǹpútà kí ẹ wá kó àwọn ọmọ tó ń fi ìka fò lórí fóònù wá, tí wọ́n á ní "Màmá, ó rọrùn", tí wọ́n á gba fóònù náà lọ́wọ́ ìyá, ṣe é tán, dá a padà fún un. Ìyá ò kọ́ nǹkankan. Òfin tiwa ni pé ẹni tó ń kọ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fóònù akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí lẹ́tà ojú fóònù tóbi, ìyẹn nìkan á mú kí ọ̀pọ̀ wọn dákẹ́ ẹjọ́ pé fóònù le. Lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọ tó wà ní Èkó tàbí ní Paris. Lẹ́yìn ìyẹn, owó orí fóònù, àti àwọn ọlọ́sà tó ń pe àgbà pé "mo ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí yín, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá a padà". Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí eré láàárín ara wọn, kí ẹnìkan ṣe olè, kí ẹnìkan ṣe ìyá. Pé kí ìyá gé ìpè náà láìdágbére, ìyẹn gan-an ló nira fún wọn jù, torí a ti kọ́ wọn láti kékeré pé kí wọ́n má hùwà àìmọ̀wà sí ẹni tó ń kí wọn dáadáa.

Ìwé kíkà náà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìyá kan fẹ́ ka Yorùbá kí wọ́n tó kú, wọ́n fẹ́ ka Bíbélì tàbí kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tí ọmọ-ọmọ kọ. Ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni ti álífábẹ́ẹ̀tì. Tíṣà tó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ìjọba níbí á kọ́ wọn ní ɛ àti ɔ, ọmọ-ọmọ tó wà ní Èkó á kọ ẹ àti ọ ránṣẹ́, ìyá á ní wọ́n ti tàn òun jẹ. Èmi á ní kí ẹ fi méjèèjì hàn wọ́n ní ọjọ́ kan náà, lórí bọ́ọ̀dù kan náà. Kò sí ẹni tó dàrú nínú àwọn tiwa nígbà tí a ṣe bẹ́ẹ̀.

* * *

Mo ń bọ̀ lórí ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an.

Bí àwọn èèyàn ṣe ń lo ọ̀rọ̀ "kọ́" yìí ni ò tẹ́ mi lọ́rùn, wọ́n ń sọ ọ́ bíi pé àgbà ń bọ̀ wá jókòó kí ẹlòmíì máa da ìmọ̀ sí i létí. Ní Toulouse nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti dá yunifásítì àwọn àgbà àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1973, Pierre Vellas ló ṣe é, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ló ń kọ́ wọn. Ó dáa, ó ràn kálẹ̀. Nígbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1982 wọ́n yí i padà, wọ́n ní kò sí tíṣà láti ìta, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn ni kí wọ́n máa kọ́ ara wọn: ẹni tó ṣe kápẹ́ńtà á kọ́ ẹni tó ṣe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì náà á kọ́ kápẹ́ńtà. Èyí kejì yìí ló bá wa mu. Láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni a ti ń ṣe é lábẹ́ igi.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a lọ sí Songhai ní Wàńdó. Ní 1985 ni àlùfáà Dominican kan, Godfrey Nzamujo, ti bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ lórí ilẹ̀ héktà kan, oko ni, ilé ẹ̀kọ́ ni, kò sí ohun tí wọ́n ń sọ nù: ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná, ìdọ̀tí di ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja. Ọmọ tó ń mú wa kiri ń ṣàlàyé lọ. Ìyá kan tó ti ta ẹja yíyan fún ọ̀pọ̀ ọdún tẹjú mọ́ adágún ẹja, ó ní, "Ẹja tó jẹ ìdin yìí, tí a bá gbé e sórí iná, ṣé kì í fọ́? Ọ̀rá rẹ̀ ńkọ́, ṣé á jẹ́ kó gbẹ dé inú?" Ọmọ náà ò mọ̀ ọ́n. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá wá, òun àti ìyá jọ dúró lẹ́bàá adágún wọ́n ń sọ nípa igi tó dáa fún èéfín, gbogbo wa pagbo yí wọn ká. Wákàtí kan kọjá. Nínú gbogbo ìjáde wa, ìyẹn làwọn èèyàn ṣì ń sọ jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni inú ọgbà igi tó wà nítòsí ibi tí ilé aṣòfin wà. Gíìdì ń ka orúkọ igi tí wọ́n kọ sára páálí, ìyá kan nínú wa sì ti wà lẹ́yìn, ó di ewé akòko mú, ó ń ṣàlàyé fún àwọn tó kù bí wọ́n ṣe ń fi jọba àti ìdí tí wọ́n fi máa ń gbìn ín sí ẹ̀yìn ilé. Gbogbo èèyàn ló fi gíìdì sílẹ̀. Ọmọlúàbí ni ọmọ náà, òun náà bọ́ sẹ́yìn wá gbọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó jáde lóṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ tí ibẹ̀ kàn, ẹ sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú pé òun ló máa sọ̀rọ̀. Kó sọ ọ́ ní èdè tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ì báà ṣe Yorùbá tàbí Ẹ̀gùn, kí ẹni tó gbọ́ méjèèjì jókòó ti ẹni tí kò gbọ́. Faransé gbẹ̀yìn.

* * *

Ẹnìkan láti Ṣábẹ̀ẹ́ ní gbogbo ohun tí a ń sọ yìí ti Àjàṣẹ́ ni, àwọn ò ní mùsé, kí ni àwọn máa wò. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní àwọn òkè! Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ lọ sí apá òkè Bẹ̀nẹ̀ kò lè gbàgbé àwọn àpáta tó dúró síta gbangba yẹn. Mi ò ní kí àwọn àgbà gun òkè o. Kí wọ́n jókòó sísàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí àwọn tó mọ ìtàn Oníṣábẹ̀ẹ́ àti bí àwọn èèyàn ṣe ń sá sórí àpáta lásìkò ogun máa sọ ọ́, kí ọmọ kan máa fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ó ti di ìjáde, ó sì ti di ẹ̀kọ́.

Àwọn ará Kétu ní gẹ̀lẹ̀dẹ́, UNESCO kéde rẹ̀ lágbàáyé ní 2001, ṣùgbọ́n òru ni ẹ̀fẹ̀, apá rẹ̀ tó jẹ́ ti orin, máa ń jáde, àgbà míì ò lè dúró pẹ́ mọ́. Ẹ bẹ àwọn tó ń gbẹ́ igi kí wọ́n gbà yín lálejò lọ́sàn-án, ẹ wo bí ojú ère ṣe ń jáde látinú igi, kí àwọn ìyá tó mọ orin kọ ọ́ níbẹ̀.

* * *

Omi àti ara líle. Mo rí i pé àwọn kan fẹ́ kó àgbà lọ sí Aguégué nínú ọkọ̀ ojú omi. Ibẹ̀ dára, ilé orí omi, àwọn ìyá tó ń ta ẹja láti inú ọkọ̀ dé inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá ni odò Wẹ̀mẹ̀ máa ń kún jù, ẹ má dé ibẹ̀ nígbà yẹn. Tí ọlọ́kọ̀ ò bá ní ẹ̀wù àìrì fún gbogbo èèyàn, ẹ padà sílé. Mo ti rí ọlọ́kọ̀ kan tó ní mẹ́ta fún èèyàn mẹ́wàá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní odò ò jìn. A ò wọ̀ ọ́.

Ẹni tó ní kí a má dá àgbà láàmú pẹ̀lú ìrìn, mi ò bá a wí, àmọ́ àjọ ìlera àgbáyé ní kí ẹni tó ti lé ní ọdún 65 náà máa rìn tàbí kó máa ṣe nǹkan tó mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ. Àwọn oníṣègùn tó kọ ìròyìn nínú ìwé ìṣègùn Lancet ní 2024 lórí àrùn ìgbàgbé náà kà á pé dídá wà, etí tó ti ń di láìtọ́jú àti ojú tó ti ń ṣú láìtọ́jú wà lára ohun 14 tó ń dá kún un. Ẹ wá wò ó: àgbà tí kò gbọ́ gíìdì, tí kò rí ìwé ara ògiri, tó wá ń jókòó sílé nítorí ojú ń tì í. Ẹ fi ẹni tí etí rẹ̀ wúwo síwájú, ẹ má bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó gbọ́, ẹ ṣáà fi í síwájú.

Ilé ìtọ̀, kí ẹ rán ọmọ kan lọ wò ó ṣáájú ọjọ́, kó wọ inú rẹ̀, kó rí i bóyá omi wà, bóyá ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó. Ẹni tó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó lò ó ní àsìkò tí dókítà ní kó lò ó. Àwọn kan máa ń fò ó lọ́jọ́ ìjáde torí oògùn náà ń mú wọn tọ̀. Tí wọ́n bá mọ̀ pé bọ́ọ̀sì máa dúró, wọn ò ní fò ó.

* * *

Àbúrò mi, o tún kọ pé kí n má fi ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí, kí n sọ ti oṣù àkọ́kọ́. Ó yá. Lọ bá àwọn méjì tó bínú kúrò nílé wọn kí o tó ṣe ohunkóhun, ìwọ nìkan, má kó ìgbìmọ̀ lẹ́yìn. Oṣù tó ń bọ̀, ẹ lọ sí Songhai ní òwúrọ̀, torí Wàńdó ni, àwọn ìyá ọlọ́jà ló ni ibẹ̀, wọn ò ní náwó mọ́tò púpọ̀, wọ́n á sì rí ẹnu sọ̀rọ̀. Oṣù kejì, ẹ wo ọjọ́ tí ọjà Àjàrá bọ́ sí, ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe ìlù àti àwọn amọ̀kòkò, bàbá tó bá ti lu ìlù rí nígbà èwe kó ṣe agbẹnusọ. Oṣù kẹta ni Honmè, ṣùgbọ́n rán èèyàn lọ bèèrè bóyá wọ́n ṣí i, wọ́n máa ń ti àwọn mùsé wa fún àtúnṣe, mo kórìíra kí àgbà dé ẹnu ọ̀nà kó bá àgádágodo. Wídà, Àgbómẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí àjọ bá ti kún díẹ̀, tí ẹ sì ti mọ ẹni tí òòyì máa ń kọ́ nínú mọ́tò. Ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Sunday ò ṣeé lò fún ìkankan nínú rẹ̀, ọjọ́bọ̀ ló dára jù. Tí o bá ti bá àwọn méjì yẹn sọ̀rọ̀, wá sọ ohun tí wọ́n wí fún wa níbí.